Epo wo ni kí a máa rọ sínú ẹ̀rọ agékoríko àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú ọgbà?

Olóko Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá ni mo ra ẹ̀rọ agékoríko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, nítorí pé owó tí mo ń san fún àwọn tó ń fi àdá ṣán oko kòkó mi ti ń pọ̀ jù. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tí n kò sí lóko, ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rí i pé epo ti tán nínú táǹkì, ó sì rọ òmíràn sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì epo tí a ń lò fún ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó ní èéfín tí ẹ̀rọ náà máa ń yọ tẹ́lẹ̀ tilẹ̀ dáwọ́ dúró, inú òun sì dùn pé ara rẹ̀ ti mọ́. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́ lójijì láàárín oko, okùn tí a fi ń fà á kò sì ṣeé fà mọ́.

Ẹni tó bá mi tú u fi písítìnì hàn mí. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ha, àfi bí ẹni pé wọ́n fi páànù tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ rin ín. Iye tí ó dá lé àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà sí owó tuntun, mo sì ti ra òmíràn báyìí. Kí n tó rọ ohunkóhun sínú èyí, mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀: irú epo wo ló ń fẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ ọn, ṣé ọ́ìlì ọkọ̀ mi ṣeé lò, àti pé ìgbà wo ni epo tí a ti pò ń bàjẹ́?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ kú àdánù o, ọ̀gá wa. Ẹ má bá ọmọ náà wí jù, nítorí pé nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé ó ti nọ́ọ̀kì, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ohun tí wọ́n rọ sínú táǹkì ló pa wọ́n, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Oríṣi ẹ́ńjìnì méjì ló wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ṣí kẹ́ẹ̀gì. Èyí tí a ń pè ní four-stroke ní àyè ọ̀tọ̀ fún ọ́ìlì, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ṣe ní in, ìdérí ihò ọ́ìlì náà sì máa ń ní ọ̀pá kékeré kan lára tí ẹ óò fà yọ láti fi wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ tó ń fa omi lóko yín wà nínú ẹ̀yà yìí. Epo bẹntiróòlù lásán ni wọ́n ń rọ sínú táǹkì rẹ̀. Èyí tí a ń pè ní two-stroke kò ní àyè ọ́ìlì rárá. Inú epo bẹntiróòlù ni ọ́ìlì ti ń bá a wọlé, òun ni ó sì ń mú kí bẹ́ríìnì àti ẹ̀gbẹ́ písítìnì máa yọ̀ kí ó tó jóná pẹ̀lú epo. Ìdí nìyẹn tí èéfín díẹ̀ fi máa ń jáde lára rẹ̀, ìdí náà nìyẹn tí kò fi yẹ kí inú ọmọ yẹn dùn nígbà tí èéfín tán. Gbogbo ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní “I better pass my neighbour” rí ti mọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé two-stroke ni òun náà.

Ẹ wo ìdérí táǹkì ẹ̀rọ tuntun yín. Bí ẹ bá rí àwòrán ibi tí wọ́n ti ń rọ epo pẹ̀lú ẹ̀kán ọ́ìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń po epo fún ni. Ẹ má sì fi ìrísí nìkan dá a mọ̀ o: àwọn ẹ̀rọ agékoríko kan wà tó jẹ́ four-stroke, bí irú èyí tó ń lo ẹ́ńjìnì Honda GX35, tí ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 mìlílítà lọ. Bí ẹ bá po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tí ẹ sì gbàgbé láti rọ ọ́ìlì sí àyè tirẹ̀, kò ní pẹ́ lọ.

Ní ti ìwọ̀n, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹni tó tà á fún yín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń béèrè ìpín ọ́ìlì kan sí ìpín epo 50, èyí tí wọ́n ń kọ ní 50:1. Ìyẹn ni 20 mìlílítà ọ́ìlì sí lítà epo kan, tàbí 100 mìlílítà sí lítà 5. Bí ó bá jẹ́ jálá oní-lítà-4 ni ẹ fi ń wọn epo, 80 mìlílítà ló máa gbà. Àwọn ẹ̀rọ kan ń béèrè 40:1, tó jẹ́ 25 mìlílítà sí lítà kan, àwọn àtijọ́ àti àwọn olówó pọ́ọ́kú mìíràn sì ń béèrè 25:1, tó jẹ́ 40 mìlílítà. Ìdérí ìgò ọ́ìlì kò ṣeé fi wọ̀n. Ẹ ra síríńjì oní-20-mìlílítà ní ilé ìtajà oògùn, ẹ sì fi í pamọ́ fún iṣẹ́ yìí nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń pè ní oní-lítà-10 máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá kún un dé ẹnu. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí lójú ẹ̀rọ ilé epo ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Ẹ rọ ìdajì epo sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, ẹ rọ ọ́ìlì sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ rọ ìdajì tó kù, kí ẹ sì tún un mì. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mì í kí ẹ tó rọ ọ́ sínú táǹkì ní gbogbo ìgbà, àní bó ṣe àná lẹ pò ó.

Ọ́ìlì ọkọ̀ kò ṣeé lò. Wọn kò ṣe é kí ó máa jóná. Eérú tó máa ń fi sílẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ orí písítìnì, yóò sì dí ọ̀nà èéfín. Ẹ wá ọ́ìlì two-stroke tí wọ́n kọ JASO FD tàbí JASO FC sí lára ìgò rẹ̀. Ó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, pupa tàbí ewé, kí ẹ lè fojú dá epo tí ẹ ti pò mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò tíì pò.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí ojú mi rí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ yín. Ẹja ni baálé mi ń pa, ó sì ní ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ two-stroke. Nígbà tí ọ́ìlì ẹ̀rọ tí mo fi ń fọ́n oògùn sí ẹ̀fọ́ mi tán, mo ní ṣebí two-stroke ni two-stroke ń jẹ́, mo bá bu nínú ọ́ìlì rẹ̀ pò mọ́ epo mi. Mo lò ó bẹ́ẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò kú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀ débi pé atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ kò lè gbé oògùn dé ìlà kejì mọ́.

Ẹni tó tún un ṣe ló fi lẹ́tà TC-W3 hàn mí lára ìgò ọ́ìlì baálé mi. Ó ní omi ló ń tu ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi lára, nítorí náà ooru inú rẹ̀ kì í pọ̀, ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún un sì bá irú ooru bẹ́ẹ̀ mu. Atẹ́gùn lásán ló ń tu ẹ̀rọ tiwa lára, inú rẹ̀ sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà létí ọ̀sà bíi tiwa, tí ọ́ìlì yẹn wà nílé yín nígbà gbogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ara ìgò.

Ní ti kẹ́ẹ̀gì, èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé kíkọ, nítorí pé epo máa ń nu lẹ́tà rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló mọ̀wé. Aṣọ pupa ni mo so mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì tí mo ti pò, mo sì so irú aṣọ kan náà mọ́ apá ẹ̀rọ tó ń lò ó. Pupa fún pupa ni mo kọ́ wọn, ìyẹn sì tó.

Bàbá Ọlọ́gbà, Àkúrẹ́

Ẹ kú àròyé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ti ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la igi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, n kì í sì í lo síríńjì kankan. Ojú ni mo fi ń wọn ọ́ìlì, mo sì máa ń jẹ́ kí ó pọ̀ díẹ̀, nítorí pé kàkà kí ó dín, ó sàn kí ó lé. Bí òróró bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, ẹnìkan kì í tìtorí rẹ̀ kú. Kí ni àléébù tó wà nínú ìyẹn?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì jẹ́ kí n fèsì bí ọmọ ṣe ń dá bàbá lóhùn. Òótọ́ ni ẹ sọ pé àìtó ọ́ìlì burú ju àpọ̀jù rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí kò rí ọ́ìlì lè nọ́ọ̀kì lójú ẹsẹ̀, èyí tí ọ́ìlì pọ̀ jù fún yóò máa ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Èkíní ni pé kábúrétọ̀ ti ní ìwọ̀n ohun olómi tó ń jẹ́ kí ó kọjá. Bí ọ́ìlì bá gba àyè nínú ìwọ̀n yẹn, epo bẹntiróòlù tó ń dé inú sílíńdà ni yóò dínkù, atẹ́gùn kò sì dínkù, ooru rẹ̀ yóò sì lọ sókè. Ẹni tó ń fi ọ́ìlì kún un kí ẹ̀rọ má baà gbóná lè wá jẹ́ ẹni tó ń mú un gbóná. Èkejì ni pé ọ́ìlì tí kò jóná tán yóò di èédú lẹ́nu ihò èéfín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ yín wò bí ẹ bá ti pa á tí ó sì ti tutù. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ bíi ti kọfí tí wọ́n bu mílíìkì sí, kò sí wàhálà. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ti pọ̀ jù tàbí kí àsẹ́ atẹ́gùn ti dí. Bí ó bá funfun bí eérú, inú rẹ̀ ń gbóná jù, ẹ má tún fi ṣiṣẹ́ títí ẹ óò fi mọ ìdí rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́gbà, Àkúrẹ́

Mo ti tú u. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo tún yọ sàléńsà rẹ̀, àsẹ́ wáyà kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ti dí débi pé n kò lè rí ìmọ́lẹ̀ láti òdì kejì. Mo ti rán ọmọ lọ ra síríńjì.

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí a wà ní ìlú ọba ní ìṣòro tiwa, ó sì yàtọ̀ sí ti ilé. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo tí wọ́n ń pè ní E10 ti di epo gbogboògbò ní ilé epo níhìn-ín, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọtí ethanol tó wà nínú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn lójoojúmọ́ kì í sábà ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ agékoríko ni ẹ̀rù ń bà mí fún, nítorí pé níhìn-ín, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, inú àgọ́ ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà.

Ethanol máa ń fa omi mọ́ra láti inú atẹ́gùn. Bí omi náà bá ti pọ̀ tó, òun àti ethanol yóò ya kúrò lára bẹntiróòlù, wọn yóò sì jókòó sí ìsàlẹ̀ táǹkì, níbi tí ọ̀pá tó ń fa epo wà gan-an. Ó tún burú fún two-stroke, nítorí pé ọ́ìlì yóò bá bẹntiróòlù dúró lókè, èyí tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ fà kò sì ní ní ọ́ìlì nínú. Ethanol tún ń ba rọ́bà àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra ilé, mo jogún ẹ̀rọ agékoríko lọ́wọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, rọ́bà epo rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀bà tó sùn.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí ni pé epo tí wọ́n ń pè ní super, tí àmì E5 wà lára rẹ̀, ni mo ń rà fún ẹ̀rọ. N kò rà á nítorí agbára, nítorí pé octane gíga (nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè farada ìfúnpọ̀ tó kí ó tó gbaná) kò ní sọ ẹ̀rọ kékeré di kìnnìún; nítorí pé ethanol inú rẹ̀ kéré ni. Èyí tí mo bá máa lò kẹ́yìn kí òtútù tó dé, mo máa ń ra epo alkylate, ìyẹn bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe kí ó mọ́ ju ti ilé epo lọ, tí wọ́n ti pò sínú agolo, irú bíi Aspen tàbí MotoMix. Kò ní ethanol, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan jù bẹ́ẹ̀ lọ láì bàjẹ́. Ó wọ́n o, owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì epo ilé epo lọ, ìdí sì nìyẹn tí n kì í fi í lò ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àǹtí Houston

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra fún E15, epo tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí àwọn ilé epo kan ń pè ní Unleaded 88. Owó rẹ̀ máa ń dínkù díẹ̀ sí ti èyí tó kù, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí wọ́n rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ agékoríko, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la igi tàbí ọkọ̀ ojú omi, àmì tó sọ bẹ́ẹ̀ sì wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ epo náà. E10 ni òpin.

Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì, Ọ̀fà

Ẹ dákun, ṣé ìlú tí ethanol wà nìkan ni epo ti ń bàjẹ́ ni? Ẹ̀rọ agékoríko mi wà nílẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo fà á títí apá fi ń ro mí, kò dáhùn. Epo wà nínú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ń rùn bí ọ̀dà àwọn káfíńtà.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Rárá, olùkọ́ wa, bẹntiróòlù lásán náà ń bàjẹ́, ooru ilẹ̀ wa sì ń mú un yá. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ ló máa ń fò lọ, tí èyí tó kù á sì máa nípọn, títí yóò fi gbẹ mọ́ àwọn ihò inú kábúrétọ̀ tí kò tó ojú abẹ́rẹ́. Òórùn ọ̀dà tí ẹ gbọ́ yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ má ṣe pò ju èyí tí ẹ óò lò láàárín oṣù kan lọ. Bí ẹ̀rọ bá máa sinmi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ da epo inú táǹkì jáde, ẹ tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí epo inú kábúrétọ̀ lè tán.

Ti èyí tó ti dí, ẹ lọ ra oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí kábúrétọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ìgbálẹ̀ kan tàbí wáyà gún ihò náà. Ìgbálẹ̀ lè kán sínú rẹ̀. Wáyà burú jù, nítorí pé bí ó bá fi díẹ̀ fẹ ihò náà, epo tí ẹ̀rọ ń mu kò tún ní ṣe déédéé mọ́.

Bí ọ̀wọ́n epo bá dé, tó sì jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á lẹ́bàá ọ̀nà ni ẹ ti máa rà á, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò wà, ẹ óò sì rí ìlà tó pààlà láàárín wọn. Bí ẹ bá fura pé wọ́n ti fi kẹrosíìnì là á, ẹ kán an sórí bébà funfun: bẹntiróòlù yóò gbẹ kíákíá láì fi àmì sílẹ̀, ọ̀rá kẹrosíìnì yóò ṣì wà níbẹ̀. Èyí kì í mú gbogbo ẹ̀tàn o. Ní oṣù kejì ọdún 2022, tí epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ Nàìjíríà, ilé epo gidi ni àwọn oníbàárà mi ti rà á, kò sì sí ìlà kankan nínú ìgò. Ìgbà tí rọ́bà inú kábúrétọ̀ wú bí àkàrà ni a tó mọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Àgbádárìgì

Ẹ má gbàgbé pé iná ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí o. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù kí ẹ tó rọ epo sí i, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ sórí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ epo sínú rẹ̀ ní ilé epo, kí ẹ má sì fi í sínú yàrá tàbí ilé ìdáná. Ìgò ohun mímu sì kọ́ ni ibi ìkópamọ́ epo; ọmọdé tí òùngbẹ bá ń gbẹ kò ní béèrè.

Olóko Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́kọ́lá. 50:1 ni ìwé ẹ̀rọ tuntun yìí wí, àwòrán ẹ̀kán ọ́ìlì sì wà lórí ìdérí rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ. Èmi àti ọmọkùnrin yẹn la jọ pò ó ní àárọ̀ òní, òun ló fa ọ́ìlì sínú síríńjì lẹ́ẹ̀marùn-ún fún lítà 5, mo sì ní kí ó máa kà á sókè. Aṣọ pupa kò sí nílé, nítorí náà ọ̀já àǹkárá ìyá rẹ̀ kan tó ti gbó ni ó so mọ́ kẹ́ẹ̀gì àti ẹ̀rọ. Èéfín díẹ̀ ń jáde bí a ti ń lò ó, ọmọ náà sì ń bojú wẹ̀yìn wò ó lóòrèkóòrè bóyá ó ṣì wà.

Ìbéèrè kan ló kù: lítà bíi méjì ló ṣẹ́kù nínú epo tí a pò. Bí n kò bá lò ó tán kí oṣù tó parí, ṣé mo lè rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń fa omi?

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Kò ní pa á, ṣùgbọ́n yóò máa rú èéfín, yóò sì ba púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ bí ẹ bá sọ ọ́ di àṣà. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo epo pípò bá wà nílé, tí ìwọ̀n rẹ̀ náà sì jẹ́ 50:1, inú rẹ̀ ni kí ẹ rọ ọ́ sí lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá lọ.